Ẹsẹ̀ Lórí Táìlì Funfun

Ẹni tó bá wù ú lè pè é ní àlọ́. Àwọn márùn-ún tó fi ojú ara wọn rí i ṣì wà láàyè. Ọ̀kan nínú wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. Àwọn mẹ́rin yòókù ń sọ ọ́ bákan náà, kò sí èyí tó ń fi iyọ̀ sí i.

Kì í ṣe òru. Ọ̀sán gangan ni, ní Wharf Road, níbi tí tírélà ti ń kùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ṣayọ̀, ará Ajégúnlẹ̀, ló ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti gba àlejò. Ìyá Diepreye ló ń tún ilé ṣe. Ọmọ Ìjọ̀ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Marine Beach ló sì ti ń wá láràárọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ àwọn tí a bí sí i lọ.

Bí òjò ọdún kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá tuntun dé. Ephraim lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ní kí wọ́n hú ilẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n tẹ́ táìlì funfun. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ tán ló pàṣẹ: gbogbo ẹni tó bá ń gbálẹ̀, àti gbogbo ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́, kí wọ́n máa bọ́ bàtà sílẹ̀ níta. Ó ní ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń kó wọlé.

Àlejò kò ní bọ́ bàtà o. Ọ̀gá kò ní bọ́ ọ. Ṣayọ̀ náà kò bọ́ ọ, torí iwájú ló wà, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ dùn ún wò. Àwọn ajẹ́ńtì á ti èbúté dé, wọ́n á gbé bàtà tó kún fún ẹrẹ̀ àti epo ọkọ̀ gba orí táìlì kọjá. Ìyá Diepreye á máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀lé wọn, á máa nù ún. Ẹni tó ń da ilẹ̀ rú wọ bàtà; ẹni tó ń tún un ṣe ni kò gbọdọ̀ wọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ń ká Ṣayọ̀ lára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò sí níta. Ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan, ife gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ àlejò nínú yàrá ọ̀gá. Ó fọ́ yángá.

"Wá kó o!" Ephraim ló pariwo mọ́ Ìyá Diepreye.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n sáré mú sálúbàtà mi wá."

"O fẹ́ gbé ẹrẹ̀ wọ yàrá mi?"

"Ìgò ni, sà. Ó wà káàkiri."

"Ẹsẹ̀ a máa jinná. Táìlì kì í jinná."

Ṣayọ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tó tó bí i lọ́mọ ló ń sọ ọ́ fún, kò tilẹ̀ fi "ẹ" kan bu iyì fún un. Ṣayọ̀ dìde. Ó tún jókòó.

Ìyá Diepreye jáde, ó ń tiro. Ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé e. Kó tó lọ sílé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lórí táìlì.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gba Uzoamaka, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ijora Badia. Òun náà, ẹsẹ̀ lásán.

Lọ́jọ́ Ajé, ní agogo méjì ọ̀sán, iná lọ. Fáànù dúró. Ariwo tírélà níta dúró pẹ̀lú, bí ẹni pé gbogbo wọn gbọ́ àṣẹ kan náà. Ṣayọ̀ gbọ́ ohùn kan.

Pẹ́. Pẹ́. Pẹ́.

Àtẹ́lẹsẹ̀ tó tutù, lórí táìlì.

Ó gbé ojú sókè. Kò sí ẹnì kankan. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ ń hàn lórí ilẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan: gìgísẹ̀, ìka márùn-ún, omi tó ń dán. Ó kọjá níwájú tábìlì rẹ̀. Ó dé ẹnu yàrá ọ̀gá. Ó dúró.

"Àǹtí," ni Uzoamaka wí wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Ẹsẹ̀ Uzoamaka gbẹ. Ṣayọ̀ wò ó dáadáa. Gbígbẹ ni.

Iná dé. Ephraim jáde, ó rí omi náà, ó bú Uzoamaka títí ọmọ náà fi sunkún. Nígbà tó ń nù ún, òórùn ọ̀sà ló ń gbé jáde.

Lọ́jọ́ kejì, agogo méjì, ó tún dé. Ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ni. Lọ́jọ́ kẹta, kò ṣe é kà.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, Ṣayọ̀ gba Marine Beach lọ. Òkú ló rò pé òun fẹ́ lọ bá. Ìyá Diepreye ló bá, ó jókòó síwájú ilé, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n fi aṣọ wé lé orí àpótí, ó ń ṣa edé. Ṣayọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó sì rò gbogbo rẹ̀ fún un.

Màmá náà wo ojú omi. Omi ń lá ìdí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

"Ìka mélòó ló wà lẹ́sẹ̀ náà?"

"Márùn-ún, mà. Tọ̀tún, tòsì."

Ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ìka tó kéré jù kò sí níbẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló gé e, mo wà lọ́mọdé. Kì í ṣe tèmi."

"Ta wá ni, mà?"

"Má bi mí. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nílùú yìí ni?" Ó ju edé kan sínú abọ́. "Láti ibẹ̀ yẹn, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wá wò mí."

Ìbínú ni Ṣayọ̀ gbé délé. Ìbínú náà ló gbé dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Ó wọ yàrá ọ̀gá láìkan ilẹ̀kùn.

"Sà, ìyá yẹn ń jẹ̀rora. Ẹ kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀! Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọ bàtà wọn."

Ephraim rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lò ń da omi yẹn sílẹ̀, àbí? Gbogbo yín lẹ ó jáde lọ́sàn-án yìí. Èmi nìkan ni màá wà níbí lágogo méjì. Tí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀, má padà wá mọ́."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjì lù, ó tì wọ́n síta, ó sì ti ilẹ̀kùn gíláàsì mọ́ra rẹ̀. Ṣayọ̀, Uzoamaka àti Tamuno, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, dúró síta, wọ́n ń wò ó. Ó dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó ká ọwọ́ lé àyà. Bàtà dúdú rẹ̀ ń dán.

Agogo méjì lù. Ariwo ojú títì dúró.

"Jesus," ni Tamuno wí.

Ipa ẹsẹ̀ ń jáde láti ìdí ilẹ̀kùn gíláàsì tó wà ní títì. Ńlá. Kékeré. Ọ̀kan tilẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn. Wọ́n yí Ephraim ká. Gbogbo ìka wọn kọjú sí i.

Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì, bí ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè.

"Rárá, mà."

Ó mi orí.

"N kò mọ̀, mà."

Ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà."

Ó lóṣòó. Ó tú okùn bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gba àárín wọn kọjá bí ẹni tí kò rí wọn, ó sì wọ inú ẹrẹ̀ Wharf Road lọ, láàárín àwọn tírélà.

Ó padà wá lọ́jọ́ Ajé, ẹsẹ̀ lásán. Ó fẹnu ara rẹ̀ fagi lé àṣẹ náà. Títí di òní kò wọ bàtà mọ́, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe ní báńkì. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá Diepreye padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀. Gbogbo wọn rò pé ó tán.

Ọjọ́ Ọjọ́rú ni. Agogo méjì. Iná lọ.

Pẹ́. Pẹ́. Pẹ́.

Àwọn ẹsẹ̀ náà kọjá lára Ìyá Diepreye. Wọ́n kọjá lẹ́nu yàrá ọ̀gá, wọn kò dúró. Wọ́n yí padà. Wọ́n bọ̀ wá síwájú tábìlì Ṣayọ̀, wọ́n dúró, ìka wọn kọjú sí i.

"Èmi kọ́!" Ṣayọ̀ pariwo. "Èmi kọ́ ni mo pàṣẹ! Mo lọ wò yín, mà, mo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀! Ẹ sọ fún wọn!"

Ìyá Diepreye wo ilẹ̀. Ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Ṣayọ̀. "O gbọ́ lọ́jọ́ ìgò yẹn, o sì jókòó," ló wí. Ó rọra gbé aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn.

Lábẹ́ tábìlì, omi tútù ti ń rú sókè nínú bàtà Ṣayọ̀.