Pupa Ni Bàbá Ń Retí

Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin aránṣọ kan débi pé abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú fèrèsé ló wà tó fi rí ọkùnrin gíga kan tó bẹ̀rẹ̀ sínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn, tó ń já orí àwọn ọmọ òdòdó dálíà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tú òwú lára aṣọ.

Ó sáré jáde láìwọ bàtà.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀! Kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Káfíńtà ni mí, Bàbá ló ní kí n wá tún pákó ọgbà yìí kàn. Tí a bá já orí wọn báyìí, wọ́n á pẹ̀ka, òdòdó á sì pọ̀ lórí wọn. Bí màmá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

"Tí wọ́n bá kú ńkọ́?"

"Kẹ́ ẹ fi àlùmọ́gàjí yín já orí tèmi náà."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ọkùnrin yìí kò mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Ìyá aránṣọ ti kú, dálíà pupa kan ló sì fi sílẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn bí ẹyin ojú. Lọ́dọọdún, tí ewé rẹ̀ bá ti rọ, ìyá á wú gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí iṣu nínú ilẹ̀, á tò ó sínú àpótí pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ, títí àkókò gbígbìn á fi tún dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọwọ́ ọmọ ni àpótí bọ́ sí. Ó wo àwọn iṣu náà, wọ́n rí gbígbẹ lójú rẹ̀, àánú wọn ṣe é, ló bá ń bu omi wọ́n wọn. Ìgbà tó máa fi ọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ti jẹrà pátápátá.

Kò lè sọ ọ́. Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, àárọ̀ kan kì í kọjá kó má jókòó sójú fèrèsé. Aránṣọ bá mú irúgbìn tí ìyá gbọ̀n sínú agolo, ó gbìn ín, bàbá sì rò pé iṣu ìyàwó òun ló hù.

"Tí pupa yẹn bá là," bàbá á ní, "ọkàn mi á balẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ lẹ́nu rẹ."

Àwọn dálíà náà kò kú, wọ́n pẹ̀ka. Ọgbà tó yẹ kí káfíńtà kàn tán lọ́jọ́ kan, kò tán. Ìṣó kan máa ń ṣẹ́ kù ṣáá.

"Ṣé ìṣó yìí kì í tán ni?" aránṣọ bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ ni kò jẹ́ kó tán, ayọ̀ mi."

Inú rẹ̀ dùn débi tó fi tú àṣírí náà fún un. Ojú káfíńtà yí padà.

"Irúgbìn lo gbìn? Irúgbìn dálíà kì í jọ ìyá ẹ̀ o. Àwọ̀ tó bá wù ú ló máa mú wá."

Láti ọjọ́ yẹn ni aránṣọ kò ti fi ojú kan oorun mọ́. Gbogbo ìrudi tó bá yọ ló dà bí ẹni tó fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun bàbá.

"Bá mi gé wọn kí wọ́n tó là," ó bẹ káfíńtà. "A ó ní kòkòrò ló jẹ wọ́n."

"Rárá. Sọ fún Bàbá."

"Ṣé o fẹ́ kó kú ni? Máa lọ ilé ẹ!"

Káfíńtà kó ìṣó rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ jí, ó rí i pé àga ojú fèrèsé ṣófo. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Bàbá dúró nínú ọgbà, ó di igi ọgbà mú. Dálíà kan ti là níwájú rẹ̀. Yẹ́lò ni, etí rẹ̀ funfun.

Aránṣọ kúnlẹ̀ sínú ìrì.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ti màmá ti jẹrà. Èmi ni mo bomi sí i."

Bàbá fi ìka kan etí òdòdó náà.

"Dálíà funfun ni mo fún ìyá rẹ nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ sọ́nà," ló sọ. "Ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lọ gbin irúgbìn ẹ̀, pupa ló jáde. Ẹkún ló sun wá bá mi, ó ní n kò ní fẹ́ òun mọ́." Omi bọ́ lójú bàbá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Dìde ńlẹ̀. Ta ló bá ọ tọ́jú èyí?"

"Káfíńtà ni. Òun ló ní kí n sọ fún yín. Mo sì lé e."

"O lé e? Ọmọ yìí, lọ pè é wá kíákíá."

Nígbà tí wọ́n dé, bàbá kò jẹ́ kí káfíńtà dọ̀bálẹ̀ tán.

"Kan àpótí tuntun fún mi, èyí tó máa gbẹ dáadáa. Tí ewé dálíà yìí bá rọ, ẹ jọ wú iṣu ẹ̀. Ìdajì á wà níbí lọ́dọ̀ mi, ìdajì á bá ọmọ mi lọ sílé ọkọ ẹ̀."

Aránṣọ di ọwọ́ káfíńtà mú.

"Ìwọ lo máa tọ́jú àpótí náà o," ó sọ fún un.

"Mo gbọ́, ìyàwó mi. Ìwọ ṣáà má sún mọ́ ọn pẹ̀lú omi."