Ìlà Irọ́ Nínú Ìwé Oògùn

"Wá wo itọ́ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyí?"

Mo yọjú wo inú bàsíà. Ó pọ́n díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gún un ní erìgì.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Oògùn yín ti sọ ẹ̀jẹ̀ mi domi. N ò lò ó mọ́."

Aránṣọ ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi. Bó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó nà ró. Lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, ó gbóná, kò ṣe é fọwọ́ kàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó jìn nínú ẹsẹ̀ náà. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà oògùn oníhóró tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì sí i: ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fò ó, pé bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ níbikíbi, ká wá sọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ lè já, kó gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Akọ̀wé ni Ìyá Àgbà ń pè mí, torí èmi ni mo máa ń fa ìlà sínú ìwé bó bá ti gbé oògùn mì, kí màmá mi lè rí i bó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún Màmá."

"Kó tún wọ́ mi lọ sí ọsibítù? Akọ̀wé mi, olówó orí mi, ìwọ ṣáà fa ìlà tìẹ. Ta ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fa ìlà. Mo fà á lọ́jọ́ kejì, mo fà á lọ́jọ́ kẹta. Màmá wo ìwé náà, ó ní, "Ọmọ dáadáa." Mo yára pa ìwé náà dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, Ìyá Àgbà dìde láti mú sísọ́ọ̀sì, ó sì di àyà mú. "Akọ̀wé... mi ò lè mí." Mo figbe ta. Bàbá tó ń ṣe bàtà nísàlẹ̀ ilé wa ló gbé e wọ ọkọ̀.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Màmá, tó sáré dé láti ibi iṣẹ́, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó nà án sí i. "Kò fo ọjọ́ kan. Ọmọ mi ló ń ṣọ́ ọ."

Mo lè dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n àyà Ìyá Àgbà ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré gun òkè.

"Irọ́ ni mo kọ," ni mo wí. "Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọn ò lò ó. Erìgì wọn ló ṣẹ̀jẹ̀."

Dókítà ní kí wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò kíá. Ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré kan ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Bí o ò bá sọ," dókítà wí fún mi, "à bá rò pé oògùn náà ni kò ràn án. Ti erìgì, ká ní ẹ tètè wá sọ ni, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ là bá ní kí ẹ lọ rà!"

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí yẹ̀yẹ́ tó padà sẹ́nu Ìyá Àgbà. "Ẹ wo amí," ló wí fún nọ́ọ̀sì nígbà tí mo wọlé. "Ó tú mi fó lójú gbogbo ayé."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

"Dìde jàre. Àgbà tó bá ní kí ọmọdé bá òun purọ́, òun ló kọ́kọ́ ṣìnà. Bí mo bá tún dán an wò, pariwo mi." Ó sún, ó fi àyè sílẹ̀ kí n jókòó tì í.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tí a fẹ́ràn ló máa ń ṣòro jù láti kọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá aláìsàn fi àṣírí pamọ́ fún dókítà, àìsàn ló ń bá ṣọ̀rẹ́.