Àyè Keje Nínú Àpótí Gbádébọ̀

Gbogbo Ìkìrun ló mọ̀ mí sí aláwàdà. Èmi ni mo fi ejò rọ́bà sábẹ́ àga akọ̀wé ìjọ wa lọ́jọ́ ìkórè, mi ò sì rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, bí mo bá ní èyí ṣẹlẹ̀, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ sọ ọ́. Ó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀.

Opó ni Ẹ̀rínọlá nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Ó mú ọmọ kan wá sílé mi, Mofolúwakẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó tún mú àpótí kan wá. Gbádébọ̀, ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, kápẹ́ńtà ará Ìnísà, ló kàn án fún ọmọ náà kó tó kú. Ó wọn nǹkan ìṣeré ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gé àyè fún wọn: àyè ọmọláńgidi, àyè mọ́tò, àyè bọ́ọ̀lù. Mẹ́fà ni nǹkan ìṣeré. Àyè méje ló gé. Ìkeje kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rínọlá ní òun bi í kí ni yóò gbé ibẹ̀. Gbádébọ̀ ní, "Ó ń bọ̀."

Mo jowú àpótí yẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ náà pè mí ní Dádì. Àǹkù ló ń pè mí. Àmọ́ tó bá ti to nǹkan rẹ̀ tán nírọ̀lẹ́, á fọwọ́ pa pákó yẹn lórí, á ní, "Dádì, ó dàárọ̀." Tẹ́dì tí mo rà fún un kò gba ibì kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú ọyẹ́, ìyá àtọmọ lọ síbi ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ra dúrọ́ọ̀ onírọ́bà alájà mẹ́rin. Mo kó gbogbo nǹkan ìṣeré sínú rẹ̀, tẹ́dì mi lókè pátápátá. Mo gbé àpótí sẹ́yìn kíṣìnnì. Mo jẹun.

Ilé dákẹ́. Mo gbọ́ *kó*. Bí ìgbà tí èèyàn rọra pa ìdérí dé.

Mo wọ yàrá ọmọ. Àpótí ti padà. Nǹkan kọ̀ọ̀kan wà ní àyè rẹ̀. Tẹ́dì mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ògiri. Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá gba gbogbo yàrá.

Nígbà tí Ẹ̀rínọlá dé, mo ròyìn fún un.

"Ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi kọ́."

"Bí ẹ ṣe wí nípa ejò náà nìyẹn."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kó wọn padà sínú dúrọ́ọ̀. Mo gbé àpótí òfìfo lọ sí Òkukù, sílé ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Mojíbọ́lá. Ó tì í mọ́ yàrá ìkẹ́rù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà délé, mo bọ́ jígí ojú mi sórí tábìlì, mo lọ bọ́jú. Mo yọjú sí yàrá ọmọ.

Dúrọ́ọ̀ ṣófo. Tẹ́dì nìkan ló kù.

Mo pe Òkukù. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpótí yẹn."

Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní í dàgbà ṣá. O ní òfìfo ni. Ó kún."

"Kí ló wà ní ìkeje?"

"Jígí ojú ẹ. Ó ṣe rẹ́gí níbẹ̀."

Mo wo tábìlì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mofolúwakẹ́ ti dúró lẹ́yìn mi. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Àǹkù, Dádì ti rí àyè yín."

Ẹ̀rínọlá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní èyí ló dùn jù nínú gbogbo àwàdà mi.

Mi ò tíì lọ mú jígí náà. Mo ń fún ojú pọ̀ kọ èyí ni. Àná ni Àǹtí tún pè. Kò bú mi lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Àyè tí jígí ẹ wà yẹn," ó ní, "ṣé bó ṣe fẹ̀ tó tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"