Àtẹ Òjò Ọ̀rà

Ibi tó yẹ kí àtẹ òjò náà parí sí kọ́ ló parí sí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Jùmọ̀kẹ́ ló ń tẹ ìwọ̀n òjò sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ ní Ìlá, iṣẹ́ tí Babáyẹmí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí ibà mú un lọ. Ọkọ rẹ̀ náà ló kọ́ ọ bí a ṣe ń ka àtẹ gígùn lójú ẹ̀rọ. Bí èèyàn bá kàn pàṣẹ kí fáìlì ṣí, gbogbo ìlà á sáré gòkè bí ẹni ń fa aṣọ lọ, ìparí nìkan lojú á bá. Ṣùgbọ́n bó bá fi ọ̀rọ̀ náà "more" kún àṣẹ rẹ̀, àtẹ á dúró, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó ṣì kù, títí èèyàn á fi tẹ bọ́tìnnì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹrin ọdún 1987. Ó ka àtẹ náà dé ìlà tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀rọ ní ó ṣì kù. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ìlà mẹ́rin yọ, àwọ̀ ewé tútù lójú ẹ̀rọ dúdú: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Ọjọ́ tí kò tíì dé. Abẹ́ ìlú Ìlá ṣófo, abẹ́ ìlú Iresi ṣófo. Lábẹ́ Ọ̀rà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti wọn òjò mọ́ láti ìgbà tí Babáyẹmí ti kú, ìlà kékeré ló wà fún ọjọ́ mẹ́ta, mìlímítà méjìdínlógún sì wà fún ìkẹrin.

Jùmọ̀kẹ́ sún mọ́ ẹ̀rọ, ó tún un kà. Òun a máa tẹ òdo fún ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń fa ìlà kékeré dípò òdo.

Ibẹ̀ ló wà tí Oyèlẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wọlé láti Ọ̀rà pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti tàn án jẹ. Àgbàdo tó kọ́kọ́ gbìn ti gbẹ mọ́lẹ̀. Àpò irúgbìn kan ló kù fún gbogbo ilé, títí kan àwọn ọmọ Jùmọ̀kẹ́ tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, òjò ti ṣú. Gbogbo Ọ̀rà ti wà lóko. Kí ni ẹ̀rọ yín wí?"

Sànúsí, ọ̀gá ọ́fíìsì, rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀rọ kì í wí nǹkan kan. Ohun tí a bá bù fún un ló ń bù padà fún wa."

Jùmọ̀kẹ́ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gbìn ín. Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ẹni tó máa ń wọ̀n ọ́n."

Oyèlẹ́yẹ wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó yí padà sí ọ̀nà Ọ̀rà.

Òjò tó ṣú kọjá lọ. Oòrùn mú, àparò sì hú irúgbìn àwọn tó yára gbìn, ó jẹ ẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Oyèlẹ́yẹ, ṣé o fẹ́ yan tìẹ jẹ ni?" Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ó gbin tirẹ̀ sínú eruku. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, òjò dé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá sí Ìlá pẹ̀lú ọ̀mùnú àgbàdo kan lọ́wọ́.

"Mo lọ síbi agolo tí àbúrò mi fi ń wọn òjò láàárọ̀ Àìkú, kí n bá ọ wọ̀n ọ́n," ló wí. "Ẹnì kan ti da omi rẹ̀ nù, ó da ife rẹ̀ dé orí òpó, bí àbúrò mi ṣe máa ń ṣe. Ipa alùpùpù bí irú tirẹ̀ wọlé nínú ẹrẹ̀. N kò rí ibi tó gbà jáde."

"Ṣé ẹ̀rù bà yín?"

"Ó bà mí." Ó gbé ọ̀mùnú náà lé orí tábìlì. "Ṣùgbọ́n wò ó."

Jùmọ̀kẹ́ ṣí àtẹ. Méjìdínlógún ṣì wà lábẹ́ Ọ̀rà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ní ó ṣì kù.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ti máa ń ṣe nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kọ́ ọ. Ó tẹ bọ́tìnnì.