Ẹ̀dà Àtijọ́ Inú Ètò Kámẹ́rà

Fídíò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló sọnù. Ilé ìwòsàn náà ní kámẹ́rà ní gbogbo wọ́ọ̀dù, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì rí ni kọ̀ǹpútà ń fi pamọ́. Nígbà tí ọ̀gá àwọn dókítà fẹ́ wo ti wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà, òfìfo ló bá níbẹ̀. Ẹnì kan ti wọlé, ó ti pa á rẹ́.

Obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ni ọlọ́pàá gbé. Òun nìkan ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ìyá àgbà kan kú ní wọ́ọ̀dù náà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n ní ó fẹ́ bo àwọn nọ́ọ̀sì láṣìírí ni. Ó ní ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ọmọ náà wá sí àgọ́ ọlọ́pàá kó lè mu ọmú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ilé ẹjọ́ ló kàn.

Olùwádìí lọ bá a látìmọ́lé. Obìnrin náà kò sunkún. Ó ti sun ún tán.

"Èmi kọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà mí gbọ́."

"Ta ló tún lè wọlé?"

"Kò sẹ́ni tó lè wọlé, àfi tí ihò bá wà nínú ètò kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ṣe Líńọ́ọ̀sì, ètò tí à ń lò láti darí kọ̀ǹpútà wa, sì ti kéde pé àwọn ti dí ihò tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé àtúnṣe ààbò náà jáde ni mo gbà á. Gbogbo ẹ̀ pátá."

Olùwádìí dìde. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ẹkún àti ìbúra kì í wọ̀ ọ́ lára mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu: ọ̀rọ̀ tó bá dán jù. "A ti dí i" yìí dán jù.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe Líńọ́ọ̀sì náà kò ju yàrá kan lọ: tábìlì mẹ́ta, wáyà tó lọ́ mọ́ra, fèrèsé tí kò ṣe é ṣí. Ọ̀gá wà níbẹ̀, ọkùnrin tó máa ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ kó tó dáhùn. Obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wò náà wà níbẹ̀. Ẹnu-ò-simi ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà kò sì purọ́ mọ́ ọn. Ẹnì kẹta ni Alátùn-únṣe, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dí ihò. Ó jókòó bí ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀.

"Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀," Ọ̀gá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní ilé ìwòsàn yẹn gan-an. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá yẹn ló jókòó sí tó fi parí àtúnṣe náà. Òṣìṣẹ́ gidi ni."

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù," Olùwádìí wí fún un.

"Ẹ ṣé." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ dí ihò náà?"

Ẹnu-ò-simi ló gbà á sọ. "A dí i! Ẹ̀yà kan ló ní ihò, tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń yá lò láti ojú kan. Tí ẹ bá ti tún un ṣe lójú kan yẹn, gbogbo wọn ti bọ́ nìyẹn. Àmọ́ àwọn ètò kan wà tí kì í yá nǹkan lò. Ọjọ́ tí a bá kọ́ wọn ni wọ́n ti máa ń gbé ẹ̀dà tiwọn mì. Ẹ tún tòde ṣe títí, ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà níkùn wọn, àfi tí a bá tún wọn kọ́ látìbẹ̀rẹ̀."

"Ètò kámẹ́rà ńkọ́?"

"Ó gbé e mì," Ẹnu-ò-simi ní. "A ò tún un kọ́."

Ọ̀gá nu gíláàsì rẹ̀. "Èmi ni mo ní ká tètè kéde. Àwọn èèyàn ti ń pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, tí ayé bá gbọ́, ọ́fíìsì yìí ti parí."

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn," Ẹnu-ò-simi fi kún un. "Mo kúkú ń sọ ọ́, kẹ́ ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Olùwádìí kọjú sí Alátùn-únṣe.

"Mi ò ronú kan ètò yẹn rárá," ọkùnrin náà wí. "Ọkàn mi ò sí níbẹ̀."

"Ta ló ń lò ó nínú yín?"

"Gbogbo wa," Ọ̀gá dáhùn. "Òun la fi ń wo géètì láti ilé. Ibi tí ilé ìwòsàn ti gbà á náà la ti gbà á."

"Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá."

Ẹnu-ò-simi fi bí wọ́n ṣe ń yẹ ikùn ètò wò hàn án. Nọ́ńbà ẹ̀yà tó gbé mì máa ń hàn níbẹ̀. Ti Ẹnu-ò-simi fúnra rẹ̀, ẹ̀dà àtijọ́. Ti Ọ̀gá, ẹ̀dà àtijọ́. Ti Alátùn-únṣe, tuntun.

"Ẹ ní ẹ ò ronú kàn án," Olùwádìí wí. "Ta ló wá bá yín tún tiyín kọ́?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò lè mọ̀ pé ihò wà lórí kọ̀ǹpútà mi kí n fi í sílẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbà."

"Ṣùgbọ́n ẹ fi tàwọn yòókù sílẹ̀."

"Mo bẹ ilé ìwòsàn pé kí wọ́n fi fídíò yẹn hàn mí, wọ́n kọ̀. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni mo wá rántí pé a gbàgbé ètò kámẹ́rà. Mo dákẹ́. Mo tún tèmi kọ́, mo sì gba ojú ihò tiwọn wọlé."

"Kí lẹ fẹ́ wò?"

"Nọ́ọ̀sì. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó pẹ́ kó tó dé, pé òun ló pa Màámi."

"Ṣé ó pẹ́?"

"Kò pẹ́. Bí mo ṣe pè é ló sáré wọlé. Èmi ni mi ò tètè pè é. Màámi na ọwọ́ sí mi. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó tún nà án. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo dojú kọ kọ̀ǹpútà, mò ń dí ihò. Ó nà án títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo pa á rẹ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i láyé."

"Obìnrin kan wà látìmọ́lé nítorí ẹ̀. Ó ní ọmọ ọwọ́."

"Mo mọ̀. Ó yẹ kó dùn mí. Kò sóhun tó ń dùn mí láti ìrọ̀lẹ́ yẹn."

Ẹ̀rù ba Olùwádìí, torí pé ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó fóònù sí àgọ́ ọlọ́pàá pé kí wọ́n tú obìnrin náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi mọ́tò ránṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n tún ètò náà kọ́ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n tó dé," Alátùn-únṣe wí. "Àwọn ilé ìwòsàn míì ṣì ń lò ó."

Wọ́n gbà fún un. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọwọ́ rẹ̀ ń yára. Mọ́tò ọlọ́pàá dúró níta, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Àbúrò," Ọ̀gá pè é. Ó tún pè é.

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè.