Èdè Tí Ensio Kò Kọ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni, Ensio Rautala sì ti múra àtilọ wa ọ̀dùnkún kó tó di pé òtútù mú ilẹ̀ dì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní kó má lọ sóko. Ní ìlú wa, orúkọ méjì ló wà lára pátákó ojú ọ̀nà: Lehtijoki fún àwọn tó ń sọ Fíníìṣì, Lövå fún àwọn tó ń sọ Súwídìṣì. Fíníìṣì ni Ensio ń sọ. Súwídìṣì ni èdè ìyá Torborg, ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n ti jọ ń gbé, àwọn méjì péré, nítorí wọn ò rọ́mọ bí. Fíníìṣì ni wọ́n ń sọ nílé, torí pé Torborg kọ́ èdè ọkọ rẹ̀, ọkọ ò kọ́ tirẹ̀.

Àná ọjọ́ náà ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n Torborg. Lẹ́yìn ìsìn, níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí, àwọn arúgbó ìdílé náà ń wá fi Súwídìṣì kí Ensio, orí ló kàn ń mì sí wọn. Inú ọkọ̀ ni Torborg ti sọ ọ́ jáde.

“Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, Ensio. Ajá Runar aládùúgbò wa gan-an gbọ́ Súwídìṣì jù ọ́ lọ.”

“Ajá Runar ò ní oko tó ń dá,” ni Ensio fi dá a lóhùn. “Ìwọ náà ṣáà gbọ́ Fíníìṣì. Kí ni mo fẹ́ fi tiyín ṣe?”

Torborg kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ títí wọ́n fi délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, ife kọfí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún Torborg, ó dà sórí tábìlì. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Súwídìṣì ni, ọ̀rọ̀ náà ń wọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ensio rò pé ó ń yínmú sí òun ni.

“Torborg, sọ ọ́ lédè tí mo gbọ́.”

Torborg tún sọ ọ́ ní Súwídìṣì. Ó fi ọwọ́ òsì di apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú.

“Ó ti yé mi. Ọ̀rọ̀ àná lo fẹ́ fi jẹ mí níyà. Tínú ẹ bá ti rọ̀, wá bá mi lóko.”

Ó rọra yọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù, ó mú fìlà, ó jáde. Agogo mẹ́jọ ló lù.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, Runar Backlund, aládùúgbò wọn, wá yá agbọ̀n. Ó kanlẹ̀kùn títí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ló bá wọlé. Torborg ló bá nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Runar bá a sọ̀rọ̀ ní Súwídìṣì, ó sì fèsì díẹ̀. Runar pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, kó tó sáré lọ pe Ensio.

Ó ti kọjá agogo kan kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

“Bàbá, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ara rẹ̀ ò rí bó ṣe yẹ?” ni dókítà bi í.

“Agogo mẹ́jọ. Súwídìṣì ló ń sọ. Mo rò pé ó ń bínú ni.”

Dókítà náà wo aago ara ògiri. “Rọpárọsẹ̀ ni, bàbá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan tó lọ sí ọpọlọ rẹ̀. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ọ, àmọ́ a sábà gbọ́dọ̀ fún aláìsàn lóògùn náà kí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tó pé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Àkókò yẹn ti kọjá.”

“Fíníìṣì tó gbọ́ dáadáa ńkọ́?”

“Ọpọlọ tó fara pa lè sọ èdè kan nù, kó di èkejì mú. Kì í ṣe ìbínú.”

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ensio kọjú sí Runar. “Nígbà tó o bá a nílẹ̀, kí ló sọ?”

“Fi ìyẹn sílẹ̀, Ensio.”

“Sọ fún mi.”

Runar ń wo bàtà ara rẹ̀. “Ó ní òun sọ fún ẹ pé òun ò mọ ọwọ́ òun lára mọ́. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ pé kó o má lọ.”

Ensio jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, tòun ti bàtà oko lẹ́sẹ̀.

Fíníìṣì Torborg ò padà mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn olùtọ́jú ló gbọ́ Súwídìṣì, ẹni náà kì í sì í wá lójoojúmọ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ta ni kó sọ fún? Ensio bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Runar ní ọ̀sọ̀ọ̀sán láti kọ́ ọ̀rọ̀: omi, òtútù, ìrora. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, ó tẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, ó fi Súwídìṣì bi í pé, “Ṣé ó ń dùn ẹ́?”

Torborg wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn gígùn kan. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Ensio gbọ́ níbẹ̀. Ó ń tún gbólóhùn náà sọ lẹ́nu bó ṣe ń wakọ̀ lọ sílé Runar kó lè bá a túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi débẹ̀, ó ti dàrú mọ́ ọn lórí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni rọpárọsẹ̀ kejì kọlu Torborg, ó sì kú. Ensio ò mọ ohun tó sọ títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹnu ẹni yín bá ṣàdédé yẹ̀, bí apá kan bá kọ̀ tí kò gbé sókè, bí ọ̀rọ̀ bá ń wọ́lẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ tàbí kò yé yín mọ́, ẹ má ṣe dúró bi í pé kí ló ń bí i nínú. Ẹ wo aago kí ẹ lè sọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, ẹ má ní kó lọ sùn ná. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì kọ́ èdè ẹni tí ẹ jọ ń gbé, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì lè kọ́ yín.