Àmín Tó Bọ́ Lẹ́nu Oyèbọ́lá

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Ìjàpò, ní Àkúrẹ́. Bí ẹ bá débẹ̀ nígbà náà, tí ẹ béèrè ẹni tó mọ àdúrà gbà jù láàárín àwọn ọ̀dọ́, Oyèbọ́lá ni wọ́n máa nawọ́ sí. Ohùn rẹ̀ dùn. Òun náà ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ajíhìnrere, àwọn tó máa ń wọkọ̀ lọ sí abúlé lọ́jọ́ Sátidé láti wàásù, láti kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé, láti pọnmi fún arúgbó, láti bá opó tún òrùlé ṣe.

Iṣẹ́ rere ni, mi ò ní bù ú kù. Ẹni tó ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ kàn. Oyèbọ́lá ń pe èèyàn wá sọ́dọ̀ Jésù, òun fúnra rẹ̀ ò débẹ̀ rí.

Ṣé ẹ ń rò pé obìnrin ló ń dà á láàmú? Rárá o. Àgbo ni.

Ìyá kan ń ta àgbo nítòsí gáréèjì. Bí o bá dúró níwájú rẹ̀, á bi ọ́ pé, "Olómi ni àbí ọlọ́tí?" Oyèbọ́lá kì í fi ẹnu dáhùn. Á kàn yọ àgbọ̀n sí ìgò tí wọ́n fi ògógóró rẹ egbò igi sí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Ẹ má pè mí ní ọ̀mùtí o. Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ mí lẹ́nu, oògùn ni mo lò." Jẹ̀dí tó ń gba oògùn láràárọ̀ tí kì í lọ! Ọmọ aráyé, ẹ ò rí nǹkan!

Ọmọ́níyì ni ẹni tó kọ́kọ́ bá a sọ ọ́. Mẹkáníìkì ni, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, òun ló sì ń tọ́jú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀ọ́dà Oyè, ẹ má bínú sí mi o. Àgbo yìí, ọtí ni."

Oyèbọ́lá wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní Bíbélì?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ó di Sátidé kan lásìkò òjò. Abúlé olóko kòkó kan lẹ́yìn ìlú Oǹdó ni wọ́n ń lọ. Ara awakọ̀ wọn ò yá. Oyèbọ́lá ní kò sí wàhálà, òun á wà wọ́n lọ. Ẹ mọ̀ pé ó ti yà lọ́dọ̀ ìyá alágbo kí wọ́n tó gbéra. Àwọn ọmọ ń kọrin lẹ́yìn ọkọ̀. Ìbídùnní, ọmọbìnrin Oǹdó tó ń kọ́ àwọn ọmọdé abúlé, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. Nígbà tí wọ́n kọjá Ọ̀wẹnà, eré ọkọ̀ náà pọ̀ jù. Ìbídùnní ní, "Bọ̀ọ́dà Oyè, ẹ rọra o." Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó máa fi rí i pé ọ̀nà ti yà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bọ́ọ̀sì já wọ igbó, ó lọ forí sọ igi.

Àwọn yòókù fara pa díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìbídùnní ni irin fún mọ́ inú ọkọ̀, igbe rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà kan. Nígbà tí àwọn èèyàn dé, tí wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Oyèbọ́lá ti ní èsì lẹ́nu.

"Búrẹ́kì ni. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò mú."

Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ṣe búrẹ́kì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti run wómúwómú, ta ló máa tú u wò?

Ta ló sì ń tọ́jú búrẹ́kì? Ọmọ́níyì. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pè é. Ó ní òun yẹ ọkọ̀ náà wò dáadáa, wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó má bá ẹgbẹ́ jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n sì ń kó mọ́tò wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyèbọ́lá jókòó sínú ìpàdé yẹn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

Wọ́n gbé Ìbídùnní lọ sí ilé ìwòsàn kan nílùú Oǹdó. Àwọn dókítà ní bí nǹkan ò bá yí padà, àwọn máa gé ẹsẹ̀ náà. Oyèbọ́lá lọ kí wọn. Olórí ni, kò lè ṣe kó má lọ. Ìyá Ìbídùnní, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dì mọ́ ọn.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí irú èyí. Gbàdúrà fún wa."

Ó gbàdúrà. Kó tó parí, ìyá náà gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Olúwa, ẹni tó sọ ọmọ mi dà báyìí, má jẹ́ kó rí oorun sùn! Ibi tó bá sá pamọ́ sí, Olúwa, tú u síta!"

"Àmín!" Oyèbọ́lá ló ké bẹ́ẹ̀, tagbáratagbára.

Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àmín ti mọ́ wa lẹ́nu, kì í dúró gba àṣẹ. Ó ti jáde kí etí Oyèbọ́lá tó gbọ́ ohun tó ṣe àmín sí. Ó ní òun fẹ́ lọ mu omi, kò padà wọlé mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó sá tọ àgbo lọ, àgbo ò ràn án. Bó bá kúnlẹ̀, ohùn ìyá yẹn ló ń gbọ́. Nígbà tí ìròyìn dé Àkúrẹ́ pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Ìbídùnní, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ìgbà tó padà dìde, ọ̀dọ̀ Ọmọ́níyì ló forí lé.

Ó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Iṣẹ́ ò sí, Ọmọ́níyì kàn ń nu irinṣẹ́.

"Ọmọ́níyì, èpè ti mú mi. Èmi fúnra mi ni mo ṣe àmín sí i. Bá mi wá ẹni tó máa ká a kúrò lórí mi."

Ọmọ́níyì gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Inú ń bí i, kò sì fi pa mọ́. "Ẹ bà mí lórúkọ jẹ́, Bọ̀ọ́dà Oyè. Mo sunkún títí. Bí kì í bá ṣe ti Jésù ni, ẹ ò bá ti rí pupa ojú mi."

Oyèbọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì, níwájú àbúrò rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Èpè kọ́ ni wàhálà yín. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ ò sì tíì pe orúkọ rẹ̀. Jésù ti ru ègún wa lórí igi, àmọ́ kò kú nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló kú fún. Kí lẹ mu lọ́jọ́ yẹn?"

Oyèbọ́lá fẹ́ pe àgbo, kò lè pè é.

"Ọtí," ló wí. "Ọtí ni mo mu. Ọ̀mùtí ni mí. Mo parọ́ mọ́ ọ. Èmi ni mo sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹlẹ́sẹ̀ kan."

"Ẹ sọ ọ́ fún Jésù bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn."

Ó sọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kankan nínú àdúrà yẹn. "Olúwa, ṣàánú mi," lohun tó ń sọ ṣáá, tó ń sunkún bí ọmọ tó sọ nù lọ́jà. Ibẹ̀ ni Olúwa ti dá a lóhùn. Ẹrù tó ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé a ti dárí ji òun.

Ó jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀. Ó jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó.

Ìyá Ìbídùnní gbọ́ ọ tán, ó káwọ́ lérí. "Ìwọ! Ìwọ tí mo dì mọ́!" Ó kẹ̀yìn sí i. Kò dárí jì í lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó ṣì ń tiraka. Ìbídùnní ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ̀ọ́dà Oyè, ẹ ní kí wọ́n pe Ọmọ́níyì padà. Àwọn ọmọ abúlé yẹn ń retí wa."

Ọmọ́níyì ló ń kó ẹgbẹ́ lọ báyìí. Ẹjọ́ Oyèbọ́lá ṣì wà ní kóòtù, kò mọ ibi tó máa já sí. Bí wọ́n bá dé abúlé, omi ni Oyèbọ́lá máa ń pọn fún àwọn arúgbó. Kò sẹ́ni tó ń pè é kó wá darí àdúrà. Ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ Ọlọ́run, ìyẹn ni kò sì jẹ́ rí.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ìwọ ńkọ́? Bóyá inú ẹgbẹ́ akọrin lo wà. Bóyá ìwọ lò ń pín ìwé ìhìnrere kiri àdúgbò Alágbàká. Ó dára, má fi í sílẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ Olúwa ò lè gbà ọ́ là. Olúwa fúnra rẹ̀ ló lè gbà ọ́. Ó fẹ́ ọ kó tó fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Lọ bá a bí o ṣe wà, má ṣe fi orúkọ oògùn bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀, kò ní lé ọ padà.

Má sì sọ pé ó di ọ̀la. Oyèbọ́lá ti rí ìdáríjì, ẹsẹ̀ Ìbídùnní ò tún hù mọ́. Ta lo tún fẹ́ kó kàn kí o tó yí padà?